Ẹ Má Ṣe Fi Owó Igi Ra Omi

Ẹ̀yin ará Èrúwà, àti ẹ̀yin oníṣòwò Ìbàràpá gbogbo, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a jọ gbé yẹ̀ wò. Bí a bá dé ọjà Òbàdà láti ra igi ìdáná tàbí èédú, ojú ni a fi ń wọ̀n ọ́n: bí ìdì ti tóbi sí, bí àpò ti ga sí. Ṣùgbọ́n ìdì kì í se ọbẹ̀, àpò kì í sì í ro ọkà. Ooru ni ó ń ṣe é, a sì lè ṣírò ooru.

Pierre Louis Dulong, ọ̀mọ̀wé ará Faransé tí ó kú ní ọdún 1838, ni a fi orúkọ rẹ̀ pe ìlànà ìṣirò náà. Ohun mẹ́ta ni ó pọ̀ jù nínú igi: káábọ̀nù, háídrójìn àti ọ́síjìn. Mẹ́gájúùlù ni a fi ń ka ooru; ẹyọ kan, bí kò bá ṣòfò, lè mú nǹkan bí lítà omi 3 hó. Kílò káábọ̀nù kan a máa mú 33.8 wá, ti háídrójìn a máa mú 144 wá. Ọ́síjìn kì í mú nǹkan wá. Gíráàmù 8 rẹ̀ ni ó ń sọ gíráàmù háídrójìn 1 di asán.

Ẹ jẹ́ kí a dán an wò. Nínú kílò igi gbígbẹ kan, káábọ̀nù tó gíráàmù 500, háídrójìn 60, ọ́síjìn 430. Ìyókù di eérú. Káábọ̀nù mú 16.9 wá. Ọ́síjìn ba nǹkan bí 54 jẹ́ nínú háídrójìn. 6 tí ó kù mú 0.9 wá. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 17.8. Bí a bá jó o wò nínú ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ooru, a máa ń rí 19 sí 20. Ìṣirò náà rẹlẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣì wá lọ́nà. Èédú tí káábọ̀nù rẹ̀ jẹ́ 800, háídrójìn 30, ọ́síjìn 120, yóò mú nǹkan bí 29 wá.

Nísinsìnyí, ẹ gbé igi tútù wá, tí omi jẹ́ gíráàmù 400 nínú kílò rẹ̀. Igi inú rẹ̀ kò ju 600 lọ, ooru rẹ̀ kò sì ju 10.7 lọ, iná yóò tún lo bí 1 nínú rẹ̀ láti lé omi náà jáde. Ó ku 9.7. Ẹni tí ó ra irú igi bẹ́ẹ̀ ti fi bí ìdajì owó rẹ̀ ra èéfín àti omijé. Bẹ́ẹ̀ náà ni èédú tí a bu omi wọ́n tàbí tí a da iyanrìn mọ́.

Àwọn kan yóò wí pé èédú ni ó sàn, nítorí 29 ju 17.8 lọ. Òtítọ́ ni fún ẹni tí ń kó o lọ sí Ìbàdàn tàbí Èkó, nítorí owó ọkọ̀. Ṣùgbọ́n nínú òkìtì tí a fi èèpẹ̀ bò, kílò igi gbígbẹ 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni a ń sun kí a tó rí kílò èédú 1. Ooru 89 wọlé, 29 jáde. Igbó wa ni ó ń san ìyókù.

Ìmọ̀ràn wa nìyí: kí a máa fi òṣùwọ̀n tà, kí a má fi ojú tà mọ́. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n nìkan kò tó, nítorí omi náà a máa wúwo. Ẹ wọn ẹ̀là igi kan, ẹ yá a níná títí kò fi ní fúyẹ́ mọ́, ẹ tún un wọ̀n; ohun tí ó dín ni omi. Kí ẹni tí ń dáná nílé sì sá igi rẹ̀ sí oòrùn kí ó tó fi í sábẹ́ ìkòkò. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.