ÒGIRI ERÙPẸ̀ TÓ DÁ OMI DÚRÓ: TA LÓ Ń YẸ̀ Ẹ́ WÒ?

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ẹ̀yin ará wa, ọ̀rọ̀ dáàmù la fẹ́ bá yín sọ lónìí, pàápàá jù lọ ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìsàlẹ̀ odò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ 9, oṣù kejì, ọdún 1971, ilẹ̀ mì tìtì ní San Fernando, ní California, ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Dáàmù erùpẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ láti 1912. Wọ́n po iyanrìn mọ́ omi, wọ́n dà á jọ, wọ́n jẹ́ kó silẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọn ò kì í. Bí ilẹ̀ ṣe mì tán, orí ògiri náà ya lọ sínú omi. Èyí tó kù lókè omi kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 5 lọ. Ènìyàn bí 80,000 ló sá kúrò nílé. Ohun tó kó wọn yọ ni pé dáàmù náà kò kún lọ́jọ́ náà.

Kí ló fà á? Ẹ lọ fẹsẹ̀ jan iyanrìn tútù létí odò, ẹ ó rí i pé kò ní í pẹ́ rọ̀ bí ẹ̀kọ. Nígbà tí ilẹ̀ ń mì, omi inú iyanrìn kò ríbi gbà jáde, ni iyanrìn bá di omi, agbára rẹ̀ bá pin.

Àwọn ará ibẹ̀ ò bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ní 1972 wọ́n ṣòfin pé kí wọ́n ya àwòrán ibi tí omi máa gbà bí dáàmù bá ya, kí ará ìlú lè mọ ọ̀nà àsálà. Lẹ́yìn náà wọ́n kọ́ dáàmù tuntun tí wọ́n kì dáadáa. Ilẹ̀ tún mì ládùúgbò yẹn ní 1994. Èyí tuntun dúró digbí.

Ẹ má sì ṣe ní kékeré ni tiwa. Dáàmù Fujinuma ní Jàpáànì kò ga ju mítà 18 àti ààbọ̀ lọ. Ní ọjọ́ 11, oṣù kẹta, 2011, ilẹ̀ mì, ó ya, ènìyàn 8 bá omi lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ilẹ̀ kì í mì níbí, ṣé ẹ ti gbàgbé oṣù kẹsàn-án, 2009? Àwọn ará Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn mọ̀ ọ́n lára. Bẹ́ẹ̀ ni Dáàmù Odò Ọyán wà nítòsí Abẹ́òkúta láti 1983, erùpẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ògiri rẹ̀. A ò sọ pé ó fẹ́ wó o. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ò mì rárá tí dáàmù Alau fi ya ní 2024, tí omi bo Maiduguri.

Nítorí náà, bí wọ́n bá wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ yín, ẹ bi wọ́n: Ìgbà wo lẹ yẹ ògiri náà wò kẹ́yìn? Kí lẹ rí? Níbo ni ká sá sí? Ẹni tí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ má fún un níbò. Ẹgbẹ́ wa ń ṣèlérí pé a ó máa tẹ àbọ̀ àyẹ̀wò jáde ní èdè Yorùbá lọ́dọọdún. Bí a bá sì wọlé tán tí a ò ṣe é, ẹ fi ìbò lé àwa náà.

Ẹni tó bá da omi síwájú, á tẹ ilẹ̀ tútù.