Èérí Tí Kò Ní Ẹ̀rí

Ẹ lọ síbi àfihàn ọkọ̀ ojú irin àwòṣe ní Amẹ́ríkà, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo orí tábìlì àwọn tó gbé iṣẹ́ wọn wá. Ẹ ó rí wágọ́nù oríṣiríṣi, ti ilé iṣẹ́ rélùwéè oríṣiríṣi, tí ìpáàrà kan náà bo gbogbo wọn: àwọ̀ ọsàn tó pọ́n fòò, tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì fà láti òrùlé dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó ṣe é á dúró tì í, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́, àwọn èrò á máa kan sáárá sí i. Èmi kò ní bá wọn kan sáárá. Irọ́ ni wọ́n kun síbẹ̀. Ẹni tí kò bá ní fọ́tò ọkọ̀ gidi tó fẹ́ sọ tirẹ̀ dà, kó gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, kó jẹ́ kí wágọ́nù náà máa dán bó ṣe ti inú páálí jáde. Èyí tó ń dán kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ohun ìṣeré ni, kò sì sọ pé òun ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Fún ẹni tí kò bá sí nínú iṣẹ́ ìgbafẹ́ yìí, ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní HO ló wọ́pọ̀ jù. Ẹ pín ọkọ̀ gidi sí ọ̀nà 87 àti díẹ̀, ìdá kan níbẹ̀ ni àwòṣe. Wágọ́nù olórùlé tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 40 á wá di íǹṣì márùn-ún ààbọ̀, ohun tí ọwọ́ kan lè gbé. Wọ́n á fín ọ̀dà sí i, wọ́n á fi dẹ̀káàlì, fíìmù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n tẹ̀wé sí, lẹ lẹ́tà àti nọ́ńbà mọ́ ọn lára, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fi ọjọ́ orí kún un: àtíkè ọ̀dà tí wọ́n lọ̀ kúnná, ọ̀dà olóróró tí wọ́n fi tínà là, tàdáwà tí wọ́n pò mọ́ sípíríìtì. Ìpele tó gbẹ̀yìn yìí ni mo bá wá jà.

Ẹni tí ọ̀pọ̀ wọn ń júbà fún lórí ọ̀rọ̀ èérí ni John Allen, ará Monterey ní California, tó kọ́ rélùwéè àròsọ kan tó pè ní Gorre & Daphetid sínú ilé rẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń nu ẹ́ńjìnnì wọn kó lè máa kọ mànà, òun ń fi ìdọ̀tí kun tirẹ̀, fọ́tò iṣẹ́ rẹ̀ sì ń jáde nínú ìwé ìròyìn títí ojú àwọn èèyàn fi là. Oṣù kìíní ọdún 1973 ló kú. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí iná fi jó ilé náà, tó sì ba rélùwéè náà jẹ́. Títí di òní ni wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ búra. Wọ́n á ní ṣebí John Allen fi ẹranko stegosaurus ṣe ẹ́ńjìnnì tí ń to wágọ́nù, kí ló wá dé tí àwa kò fi lè kun tiwa bó ṣe wù wá? Wọ́n gbàgbé pé fọ́tò yíyà ni iṣẹ́ tí ọkùnrin náà fi jẹun. Ojú rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ tán kí ọwọ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ mú èérí, wọ́n fi ojú sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gun òrùlé wágọ́nù kan wò. Ọ̀pọ̀ òrùlé wágọ́nù ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọ̀rúndún tó kọjá, páànù tí wọ́n rì bọ síǹkì ni, tí wọ́n sì kun ọ̀dà lé lórí. Ọ̀dà àti síǹkì kì í sábà bára wọn gbé pẹ́. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ọ̀dà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní abala-abala, síǹkì abẹ́ rẹ̀ á yọjú, àwọ̀ eérú tó ń dán díẹ̀díẹ̀. Kò tíì sí ìpáàrà kankan níbẹ̀! Ó di ìgbà tí síǹkì bá jẹ tán kí ìpáàrà tó ráyè, ojú oríkèé páànù ló sì ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n òrùlé gan-an ni àwọn èèyàn wa kọ́kọ́ ń da àwọ̀ ọsàn lé.

Ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ibi tí nǹkan bá ti ha ọ̀dà kúrò ni irin ti ń dógùn-ún: ẹnu ilẹ̀kùn tí ẹ̀rọ akẹ́rù ń forí gbá, ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀, ìsàlẹ̀ níbi tí omi ń dúró sí. Á bẹ̀rẹ̀ ní kókó bíńtín, òjò á wá fà á wá sílẹ̀ ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń ṣá bó ṣe ń lọ. Àárín kókó náà dúdú ni, tàbí kó pọ́n bí ẹni tó fẹ́ dúdú, torí ìpáàrà tó ti pẹ́ kì í pọ́n fòò. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló ń pọ́n fòò. Nítorí náà, wágọ́nù tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ọsàn ń sọ fún wa pé òun dógùn-ún láti orí dé ẹsẹ̀ lánàá òde yìí. Ta ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí rí?

Ti táyà irin ló tún burú jù. Láyé bíárìnì àtijọ́, inú àpótí kékeré tí wọ́n ki òwú tí wọ́n rẹ sínú epo sí ni ìdí táyà ti ń yí. Epo yẹn ń jò sójú táyà, eruku ń lẹ̀ mọ́ ọn, títí ojú táyà fi máa dúdú tí á sì nípọn. Láti àwọn ọdún 1960 ni bíárìnì oníróòlà tí wọ́n dí pa ti ń gba ipò rẹ̀ lára ọkọ̀ tuntun. Epo kò jò mọ́, ojú táyà gbẹ, ó sì wá gba àwọ̀ ìpáàrà. Ibi tí táyà fi ń tẹ irin nìkan ni kò gba nǹkan kan láyé méjèèjì, torí ìrìn ń nù ún ní gbogbo ìgbà. Ẹni tó bá kun ojú táyà wágọ́nù ọdún 1950 ní pupa gbígbẹ ti kó èèyàn tó ń rọ epo sí àpótí wọ̀nyẹn kúrò nínú ìtàn, kò sì mọ̀ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀.

Wàyí o, dẹ̀káàlì. Iṣẹ́ tó ń gbọ̀n èèyàn lọ́wọ́ nìyẹn, mo sì bọ̀wọ̀ fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe. Ara ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dán kí dẹ̀káàlì tó kàn án, torí ara tí kò dán rí gbágungbàgun lábẹ́ fíìmù, afẹ́fẹ́ á há síbẹ̀, bó bá gbẹ, á máa fi funfun hàn yí lẹ́tà ká. Ẹ gé e, ẹ fi ẹ̀mú mú un, ẹ rì í bọ omi, ẹ ní sùúrù. Ẹ fi omi Micro Set ti ilé iṣẹ́ Microscale pa ojú ibi tó máa jókòó sí, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rọra tì í bọ́ sílẹ̀ lára bébà. Bó bá ti wà ní àyè rẹ̀, Micro Sol ló kàn, omi tí ń mú kí fíìmù rọ̀ kó lè wọ inú kòtò kó sì gun orí ìṣó. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, dẹ̀káàlì náà á rún jọ wẹ́wẹ́, ọkàn ẹni tí kò bá tíì ṣe é rí á já, á fẹ́ fi ìka tẹ́ ẹ. Má fọwọ́ kàn án o! Yóò tẹ́ ara rẹ̀. Tí àpò afẹ́fẹ́ bá ṣẹ́ kù, ẹnu abẹ́rẹ́ àti ẹ̀kán Micro Sol mìíràn ló máa yanjú rẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí, kí ni lẹ́tà wíńníwínní wọ̀nyẹn ń sọ? Ọjọ́ ni wọ́n ń sọ. Oṣù àti ọdún tí wọ́n kọ́ wágọ́nù wà níbẹ̀, ìgbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n gbẹ̀yìn náà sì wà níbẹ̀. Láti 1967 ni wọ́n ti ń lẹ àmì KarTrak mọ́ wágọ́nù, ìlà aláwọ̀ mèremère tí ẹ̀rọ ẹ̀bá ọ̀nà ń kà bí ọkọ̀ bá ń kọjá. Ní 1978, àmì róbótó aláwọ̀ yẹ́lò lórí dúdú dé, láti fi hàn pé wọ́n ti yẹ táyà ọkọ̀ náà wò, pé kì í ṣe irú èyí tó léwu. Àlẹ̀mọ́ tí ń dá iná padà lóru di òfin ìjọba àpapọ̀ láti 2005. Gbogbo èyí ló wà lórí bébà dẹ̀káàlì tí à ń rà, ẹni tó ń lẹ̀ ẹ́ sì ń kọ ọjọ́ sára ọkọ̀ rẹ̀ ni, bó fẹ́ bó kọ̀.

Ẹ wá gbé wágọ́nù kan wò tí lẹ́tà rẹ̀ ní 1975 ni wọ́n kọ́ ọ, tó ní KarTrak, tí kò sì ní àmì róbótó. Kò ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ. Ohun tó yẹ lára rẹ̀ ni eruku, ẹrẹ̀ tí táyà ta sókè sí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, àti ọ̀dà tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín ti fi ìpáàrà ogójì ọdún bò ó. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí wọ́n hu ewú sí lórí! Òun náà ló sì fi ẹ̀mú to ọjọ́ orí ọmọ náà síbẹ̀.

KarTrak yẹn fúnra rẹ̀, ẹ mọ ohun tó wà lára ohun tó pa á? Èérí ni. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wágọ́nù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìdọ̀tí bo ìlà rẹ̀, ẹ̀rọ kò rí i kà dáadáa mọ́, nígbà tí àwọn ọdún 1970 sì ń parí lọ, wọ́n pa á tì. Ohun tó lágbára láti ba iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ jẹ́ jákèjádò ilẹ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ń pè ní ẹ̀ṣọ́.

Mo mọ èsì tí wọ́n á kọ́kọ́ fún mi: ìgbafẹ́ ni, rélùwéè tèmi ni. Ó dáa. Tìẹ ni, ṣe é nínú yàrá rẹ. Ọjọ́ tó o bá gbé e jáde tó o ní ká wá wo bí rélùwéè Southern Pacific ṣe rí, ó ti kúrò ní tìẹ nìkan. Òmíràn á ní kò sí fọ́tò wágọ́nù tòun. Kó wá fọ́tò èyí tó tẹ̀ lé e nínú nọ́ńbà, ilé iṣẹ́ kan náà, ọdún kan náà. Àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ ojú irin ní Amẹ́ríkà ti ya fọ́tò débi pé ọ̀lẹ nìkan ni kò ní rí ohun tó jọ ọ́. Èyí tó ń bí mi nínú jù ni èyí tí wọn kì í sọ jáde: púpọ̀ nínú wọn ń fi èérí bo iṣẹ́ tó bàjẹ́. Dẹ̀káàlì fi funfun hàn, gúlúù yọ sójú, ọ̀dà ṣàn. Ẹ da ìpáàrà lé e, kò sẹ́ni tó máa rí i. Àti àwọn tó ń ra èyí tí ilé iṣẹ́ ti kun ìdọ̀tí sí tán, mẹ́fà pọ̀, ìdọ̀tí kan náà lójú kan náà lára mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Mi ò ní fi àkókò ṣòfò lórí ìyẹn.

Nígbà tí wọ́n ṣíwọ́ ṣíṣe ọ̀dà Floquil tí wọ́n fi ń kun àwòṣe ní 2013, ṣe ni àwọn àgbà iṣẹ́ yìí ń ṣọ̀fọ̀, bí ẹni pé inú ìgò yẹn ni òótọ́ ń gbé. Mi ò bá wọn ṣọ̀fọ̀. Ọ̀dà mìíràn wà lọ́jà.

Southern Pacific tí mo dárúkọ yẹn yẹ kó kọ́ wa lọ́gbọ́n. Láàárín 1972 sí 1975 ni wọ́n kọ́ ẹ́ńjìnnì SD45T-2 fún un, tí wọ́n sọ ẹnu tí ń fa afẹ́fẹ́ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ kó má baà máa fa ooru tí ń kó jọ sókè àjà ihò òkè, torí Donner Pass ní California kún fún ihò òkè àti ahéré gígùn tí wọ́n fi ń dá yìnyín dúró. Ara rẹ̀ àwọ̀ eérú, imú rẹ̀ pupa. Nígbà tí owó ń wọ́n ilé iṣẹ́ náà, wọn kì í sábà fọ̀ ọ́, èéfín sọ eérú di dúdú, oòrùn jẹ pupa imú rẹ̀ títí ó fi ṣá. Ẹni tó bá mọ fọ́tò wọn kà á rí àìlówó ilé iṣẹ́ náà lára ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kí rélùwéè Union Pacific tó gbà á ní 1996. Ẹ wá lọ sí Roanoke ní Virginia, lọ́dọ̀ rélùwéè Norfolk & Western, tó kọ́ ẹ́ńjìnnì onísítíìmù J mẹ́rìnlá láàárín 1941 sí 1950 fún ọkọ̀ èrò. Dúdú tó ń dán ni, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá fẹ́ fi nǹkan sí i lára, ó lè jẹ́ ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tí omi líle fi sílẹ̀ lábẹ́ ẹnu fáàfù, àti dúdú èéfín lókè. Ẹni tó bá da ìpáàrà àwọ̀ ọsàn lé J lórí, kó lọ tọrọ àforíjì ní Roanoke.

Ibi tí mo fẹ́ kí nǹkan ti yí padà ni tábìlì àwọn adájọ́ NMRA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ojú irin àwòṣe, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1935. Máàkì 125 ni wọ́n ń pín: 40 fún kíkọ́, 20 fún kúlẹ̀kúlẹ̀, 25 fún bó ṣe bá ti gidi mu, 25 fún ọ̀dà àti lẹ́tà, 15 fún èyí tí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gba 87 àti ààbọ̀ á gba ìwé ẹ̀yẹ. Tí àkàbà ara wágọ́nù bá ní ìtẹ̀sẹ̀ tó lé kan, adájọ́ á béèrè fọ́tò. Kí ó béèrè ti ìpáàrà náà. Èérí tí kò bá ní fọ́tò, kí ó já máàkì lábẹ́ ìbámu, bó ti wù kí ọwọ́ tó kun ún mọ́ṣẹ́ tó. Kí wọ́n sì fi ti àwọn àwòrán ìta kún un. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi ọ̀dà kọ orúkọ gàdàgbà sára wágọ́nù gidi lóru sábà máa ń yẹra fún nọ́ńbà ọkọ̀, torí wọ́n mọ̀ pé bí wọ́n bá bò ó, rélùwéè á kun iṣẹ́ wọn pa kó lè tún nọ́ńbà náà kọ. Àwọn tiwa ń ra dẹ̀káàlì àwòrán yẹn lówó iyebíye, wọ́n sì ń lẹ̀ ẹ́ lé nọ́ńbà lórí, láìsí ibi kankan tí rélùwéè ti tún un kọ. Ẹ fún wọn ní òdo.