Kọmíṣọ́nà, Làkúrègbé Yìí Kò Mọ sí Oríkèé

Sí Kọmíṣọ́nà fún Ètò Ìlera, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́,
Sẹkitéríàtì, Agodi, Ìbàdàn.

Mo mọ̀ pé ibà, onígbáméjì àti ikú aláboyún ló ń gba ọ̀pọ̀ àkókò yín, n kò sì ní kí ẹ pa wọ́n tì. Àìsàn kan wà ṣá tí kì í tètè pani, tí ẹnikẹ́ni kì í pariwo rẹ̀, tó sì ń sọ obìnrin tó ṣì lágbára di ẹni tí wọ́n ń bá wọṣọ. Rheumatoid arthritis ni àwọn dókítà ń pè é. Nílé àti lọ́jà, làkúrègbé náà ni, a sì pa á pọ̀ mọ́ èyí tó ń yọ àwọn àgbà lẹ́nu lórúnkún.

Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ti àgbà, oríkèé tó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ló ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Èyí tí mò ń wí, àwọn ọmọ ogun tó yẹ kó máa dáàbò bo ara ló yíjú padà tó ń bá ara jà. Láàárín ọmọ ọdún 30 sí 60 ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, obìnrin tó ń ṣe sì tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ọkùnrin. Kì í ṣe oríkèé nìkan ló lè dé nínú ara.

Aránṣọ ni àbúrò mi obìnrin tí àìsàn yìí ń ṣe. Kó tó lè de bọ́tìnnì ara rẹ̀ láàárọ̀, àfi kó kọ́kọ́ ki ọwọ́ méjèèjì bọ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ń di sísọ́ọ̀sì mú báyìí, òun á máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ tọ́ka ibi tí sísọ́ọ̀sì yóò gbà. Ìyẹn gan-an kọ́ ló ń pa á lẹ́kún o. Ó ní ó ń rẹ òun, oorun kò sì wo àárẹ̀ náà. Á jí láàárọ̀ bí ẹni tó roko ṣúlẹ̀. Ìyá wa ní ọ̀lẹ ti wọ̀ ọ́ lára. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń dínkù, ó rù, ara rẹ̀ kì í yé gbóná díẹ̀díẹ̀, oògùn ibà ni wọ́n sì ń fún un ṣáá. Ojú rẹ̀ gbẹ, ó ń ta á. Kókó hù sí i nígbọ̀nwọ́. Ilé ìwòsàn tó ń lọ, tí n kò ní dárúkọ, ìka rẹ̀ nìkan ni wọ́n máa ń wò, wọ́n á sì fi oògùn ara ríro sìn ín wálé.

Àìsàn yìí lè mú ẹ̀dọ̀fóró le, kí èémí máa kúrú, kí ikọ́ gbígbẹ má lọ, kí wọ́n máa rò pé ikọ́ fée ni. Ó ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́, débi pé ewu kí àrùn ọkàn pa ẹni tó ní in fi nǹkan bí ìdajì ju ti ẹlòmíràn lọ. Ó lè tú egungun ọrùn tó wà lábẹ́ agbárí, nítorí náà ó yẹ kí dókítà tó fẹ́ kun irú ẹni bẹ́ẹ̀ lóorun fún iṣẹ́ abẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn náà kò gbẹ́yìn, àmọ́ ta ni í bi aránṣọ léèrè bí ọkàn rẹ̀ ṣe rí?

Ẹni tó bá rò pé àìsàn tálákà ni, kó rántí Christiaan Barnard, oníṣẹ́ abẹ tó kọ́kọ́ pààrọ̀ ọkàn èèyàn ní Cape Town lọ́dún 1967. Àìsàn yìí kan náà ló lé e kúrò nídìí ọ̀bẹ lọ́dún 1983.

Nítorí pé ìrora nìkan la rí, ìrora nìkan là ń pa. Oníkẹ́míìsì á po táblẹ́ẹ̀tì oríṣiríṣi pọ̀ sínú ọ̀rá kékeré, oògùn alágbára tí wọ́n ń pè ní dexamethasone lè wà níbẹ̀; kò ní pẹ́ tí ọwọ́ á fi nà, aláìsàn á máa yìn ín. Bó bá di bárakú, ojú á wú, ìtọ̀ ṣúgà lè dé, egungun á máa fẹ́lẹ́.

Oògùn tó ń dá àìsàn náà dúró wà, methotrexate tó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn sì ti wà tipẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lò ó. Ẹni tó bá ń lò ó lójoojúmọ́ lè bá a lọ, aláboyún kò sì gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní kí ẹ dà á sórí àtẹ. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìlera wọ́ọ̀dù mọ ohun tí wọn yóò bi aláìsàn: ṣé ọwọ́ yín máa ń le láàárọ̀ fún bíi wákàtí kan? Ṣé ó ń wú lọ́tùn-ún lósì? Ṣé ó ń rẹ̀ yín, ṣé ẹ ń rù, ṣé èémí yín ń kúrú? Ẹni tó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n tètè kọ̀wé fún un lọ sọ́dọ̀ dókítà tó mọ̀ nípa àìsàn yìí, torí oríkèé tó bá ti bàjẹ́ kì í padà bọ̀ sípò. Lẹ́yìn náà, kí ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ wa gbé owó ayẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún àìsàn náà àti ti methotrexate, títí kan ayẹ̀wò ẹ̀dọ̀ tí ẹni tó ń lò ó gbọ́dọ̀ máa ṣe.

Bí ẹ bá ní owó kò tó, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn ìbéèrè yẹn. Bébà kan lára ògiri yàrá nọ́ọ̀sì kò ní ná ìjọba ní nǹkan púpọ̀. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ni Ọjọ́ Làkúrègbé Àgbáyé. Ẹ jẹ́ kó ti wà lára ògiri kó tó di ọjọ́ náà.

Èmi ni tiyín,
Olùgbé Ìbàdàn kan.