Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Mo Fi Ẹsẹ̀ Wá "Obìnrin Funfun" Dé Aṣálẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ rí mi tí mo ń tiro ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ má ṣe rò pé ẹnìkan ni ó lù mí. Òkúta aṣálẹ̀ ilẹ̀ Nàmíbíà ni ó bá ẹsẹ̀ mi wí.

Òkè kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Brandberg. Dâureb ni àwọn Damara tí ń gbé ilẹ̀ náà ń pè é. Mítà 2,573 ni gíga rẹ̀, kò sì sí òkè tí ó ga jù ú lọ ní gbogbo Nàmíbíà. Nínú àfonífojì kan lára òkè yìí, èyí tí à ń pè ní Tsisab, ni àwòrán kan wà lára àpáta tí òkìkí rẹ̀ ti kàn ká ayé, tí wọ́n sì sọ ní "Obìnrin Funfun". Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ orúkọ yìí ni ọkàn mi kò ti gbà á. Obìnrin funfun wo ni ó wá ṣe kí ni ní aṣálẹ̀ láyé ọjọ́un? Mo ní n óò fi ojú ara mi rí i.

Mọ́tò kò lè dé ìdí àwòrán náà. Ẹsẹ̀ ni à ń fi rìn, ó sì tó nǹkan bí wákàtí kan ní àlọ nìkan. Afinimọ̀nà gbọ́dọ̀ bá ènìyàn lọ, ọ̀dọ́mọkùnrin Damara kan ni wọ́n sì fún mi. Ó wo ìgò omi kan ṣoṣo tí mo mú lọ́wọ́, ó mi orí, ó ní, "Bàbá, èyí kò tó o." Mo dá a lóhùn pé kí ni ìrìn wákàtí kan lójú ọmọ àgbẹ̀? Ẹ̀yin ará, ẹnu mi ni ó kó bá mi.

Inú odò gbígbẹ ni ọ̀nà wa gbà, láàrin òkúta tí òmíràn nínú wọn tó ilé. Mo ti rò pé n kò ní rí ohun ẹlẹ́mìí kan, àṣìrò ni. Alángbá kan sáré gun àpáta, ó ń mi orí sí mi gẹ́gẹ́ bí ti ẹ̀yìnkùlé wa. Ẹranko kékeré kan, ìbátan ọ̀fàfà tí ń fi ohùn ṣe akin nínú igbó wa, yọjú láti inú pàlàpálá òkúta. Afinimọ̀nà mi sọ fún mi pé erin pàápàá ń gbé aṣálẹ̀ yìí, lẹ́bàá odò Ugab. Bí odò bá gbẹ, wọn a fi ẹsẹ̀ àti ọwọ́jà wa kànga sínú iyanrìn, wọn a mu, àwọn ẹranko yòókù a sì mu lẹ́yìn wọn.

Èmi tí mo gbọ́n ju erin lọ ńkọ́? A kò tí ì rìn dé ìdajì tí ìgò mi fi gbẹ. Oòrùn mú, ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu, òyì sì ń kọ́ mi. Ọmọkùnrin náà kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn fa ìgò kan yọ nínú àpò rẹ̀, ó ní, "Mo ti mọ̀. Mo gbé ti yín dání."

Nígbà tí a dé ibẹ̀, irin ni mo bá níwájú àpáta náà, nítorí pé àwọn àlejò ìgbà kan a máa da omi sí àwòrán náà kí ó lè tàn, wọ́n sì ń bà á jẹ́. Kò ga ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 40 lọ. Ènìyàn kan ni, ó ń rìn. Ó mú ọrun ní ọwọ́ kan, ó sì mú ohun kan tí ó jọ òdòdó tàbí ife ní ọwọ́ kejì. Ìsàlẹ̀ ara rẹ̀ ni ó funfun. Òkè ara rẹ̀ kò funfun rárá.

Ará Jámánì kan, Reinhard Maack, ni ó kọ́kọ́ ròyìn àwòrán yìí fáyé, nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní. Lẹ́yìn náà ni Henri Breuil, àlùfáà àti ọ̀mọ̀wé ará Faransé, kọ ìwé lé e lórí ní 1955, ó ní obìnrin láti etí Òkun Mẹditaréníà ni. Àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn rẹ̀ sọ pé ọkùnrin ni, ọmọ Áfíríkà sì ni. Púpọ̀ nínú wọn gbà pé olùṣètùtù ni, àti pé àwọn San, ọdẹ aṣálẹ̀, ni ó ya á.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí wa. Ní 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀, ó rí àwọn orí amọ̀ àti orí idẹ wa, ó sì kọ̀ láti gbà pé àwa ni a ṣe wọ́n. Ó ní iṣẹ́ àwọn ará Atlantis ni.

Mo dúró níwájú àpáta náà, mo ń rẹ́rìn-ín. Bí ẹnìkan bá fi ẹfun kun ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ ọdún Ọbàtálá, ta ni nínú wa tí yóò pè é ní Òyìnbó? Arúgbó tí kò mọ ìwé pàápàá yóò mọ̀ pé olórìṣà ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ máa fi ẹsẹ̀ ara yín rìn lọ wo nǹkan, kí ẹ tó gba orúkọ tí ẹlòmíràn sọ ọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń lọ, ẹ gbé omi dání. Kí ẹ sì gbọ́ràn sí ọmọ onílẹ̀ lẹ́nu.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.