Gbèsè Tí Kò Ní Onígbọ̀wọ́: Ọ̀rọ̀ Sí Ẹ̀yin Òbí Ní Bouaké

Ó ti pẹ́ tí àwọn Yorùbá ti ń ná ọjà Bouaké. Ní ọdún 1912 ni ojú irin tí àwọn Faransé là láti Abidjan dé ìlú náà, ibi tí ojú irin bá sì dé, àwọn oníṣòwò wa kì í pẹ́ kí wọ́n tó tẹ̀ lé e. Láti Ẹjìgbò àti Ìnísà àti àwọn ìlú mìíràn ni àwọn baba wa ti lọ sí Côte d'Ivoire, tí wọ́n ń tajà kiri títí wọ́n fi di ẹni tí àwọn onílẹ̀ ń pè ní Ànàgó. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn ni ó jókòó sí ìsọ̀ lónìí. Wọ́n ń sọ Faransé ní ilé ìwé, wọ́n ń sọ Dioula ní ọjà, Yorùbá ni wọ́n sì fi ń kí bàbá wọn ní òwúrọ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ti kọ̀wé nípa èdè tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ń gbàgbé. Owó ni tiwa dá lé lónìí, àti gbèsè pàápàá.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí ó ń ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ ní ìsọ̀ mọ ọjà tà. Ó mọ iye tí a ra ìdì àǹkárá kan, ó mọ èrè tí ó yẹ kí a jẹ lórí rẹ̀, kò sì sí oníbàárà tí ó lè fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn án. Ṣùgbọ́n ẹ bi í léèrè pé: èló ni a jẹ ẹni tí ó kó aṣọ náà fún wa láwìn? Ọjọ́ wo ni a ó san án? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí ọjọ́ náà bá yẹ̀? Kò mọ̀. Abẹ́ ìrọ̀rí bàbá ni ìwé tí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wà nínú rẹ̀ ń sùn. A ń fi èrè han ọmọ, a sì ń fi gbèsè pamọ́ fún un bí awo tí ọ̀gbẹ̀rì kò gbọdọ̀ rí.

Nígbà kan rí, àṣà yìí kò pa wá lára púpọ̀, nítorí pé gbèsè fúnra rẹ̀ kò fara pamọ́. Samuel Johnson ti ṣàlàyé èsúsú nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921: iye kan náà ni olúkúlùkù ń dá, ní àkókò àti ibi tí a fi ohùn sí, lábẹ́ olórí kan, wọn a sì máa kó o ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ó bá tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ dá èsúsú rí ẹni tí ó tètè dé, ó sì rí ẹni tí ó ń wá àwáwí. Ìwọ̀fà ń ṣiṣẹ́ lóko olówó rẹ̀. Iṣẹ́ náà ni èlé, ojú owó kò sì dín kù títí ọjọ́ tí a ó san án pé. Gbogbo abúlé ni ó ń rí i bí ó ti ń lọ tí ó ń bọ̀. Ológò a máa lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, a sì máa yọ gbogbo agbo ilé lẹ́nu títí wọn yóò fi wá owó fún un. Àwọn òṣómàáló ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí ń tà aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú kò jìnnà sí irú rẹ̀, nítorí lórí ìlóṣòó ni wọn yóò wà títí owó yóò fi jáde. Orúkọ tí a ń pè wọ́n ti sọ ọ́ tán.

A kò wí pé ìgbà náà dára ju tiwa lọ. Ta ni yóò yin àṣà tí ó mú ọmọ ṣe ìwọ̀fà nítorí gbèsè tí kò jẹ? Ohun tí a ń wí ni pé gbèsè ní ojú nígbà náà. Ẹlẹ́rìí wà, onígbọ̀wọ́ wà, baálé wà tí a lè bẹ̀. Ojú sì ni àwọn ọmọ fi kọ́ ọ, láìsí pé ẹnikẹ́ni pè wọ́n jókòó.

Gbèsè òde òní ti bọ́ sínú àpò ṣòkòtò. Ní oṣù keje ọdún 2020 ni Orange Bank Africa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Côte d'Ivoire. Láti 5,000 fáráǹsì ni ó ti ń yáni lówó lórí fóònù, láìsí pé ènìyàn mú onígbọ̀wọ́ wá. A kì í ṣe ọ̀tá irú ètò bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí ń ta tòmátì, tí ilé owó ńlá kò jẹ́ dá lóhùn, lè fi owó kékeré bẹ́ẹ̀ gbé ọjà rẹ̀ dìde. Òfin kò sì fi ọwọ́ sí i pé kí a yá ọmọdé lówó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo inú ilé wa dáadáa. Ní ilé tí ìyá kò ti lè ka Faransé, ta ni ń ka iṣẹ́ tí ó bá wọlé sórí fóònù fún un? Ta ni ń bá a fi owó ránṣẹ́ sí Abidjan, tí ó sì mọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ ju òun fúnra rẹ̀ lọ? Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn ni. Òun ni akọ̀wé, òun ni akápò, ojú owó gbogbo ilé wà ní ìka rẹ̀, tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù sì wà lórí fóònù kan náà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kan dán an wò. Bí ẹnì kan bá yá ọmọ náà ní 10,000 fáráǹsì, tí ó ní kí ó dá 11,000 padà ní ìparí oṣù, yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní 1,000 péré ni. Bí kò bá rí ojú owó san, tí ó sì ń san 1,000 yẹn lóṣooṣù fún ọdún kan, yóò ti san 12,000, yóò sì tún jẹ 10,000 síbẹ̀. Bí kò bá san kọ́bọ̀, tí èlé sì ń gun orí èlé, ohun tí ó jẹ ní òpin ọdún yóò ju 31,000 lọ. Òfin àwọn orílẹ̀-èdè tí ń ná owó CFA ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ti sọ láti ọdún 2014 pé èlé ilé owó kò gbọdọ̀ kọjá 15 lórí 100 lọ́dún, ti àwọn ẹgbẹ́ ayánilówó kéékèèké kò sì gbọdọ̀ kọjá 24. Èlé 1,000 péré tí ọmọ yìí fi rẹ́rìn-ín jẹ́ 120 lórí 100. Ọmọ tí ó mọ èrè ìdì àǹkárá lórí kò yẹ kí èyí rú lójú, bí ó bá jẹ́ pé a ti fi hàn án rí.

Ní ilé, ní Nàìjíríà, a ti rí ibi tí irú gbèsè yìí ń já sí. Àwọn ayánilówó orí fóònù ń fi iṣẹ́ èébú ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́, àna àti ọ̀gá ẹni tí ó jẹ wọ́n, títí tí ìjọba àpapọ̀ fi ní láti gbé ìlànà jáde lórí wọn ní ọdún 2022. Ológò ni wọ́n, ṣùgbọ́n ológò tí kò ní ojú tí a lè wò bẹ̀ ẹ́.

Ohun tí ó dùn wá jù ni pé àwọn àgbà wa kò ṣe aláìní ẹ̀kọ́ tí wọ́n lè kọ́ ọmọ. Àwọn kan wà lára wọn tí ó wà ní Ghana ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò. Ẹni tí ó ti fi ọjà rẹ̀ fún ènìyàn láwìn ní Tamale tàbí Kumasi fi gbèsè rẹ̀ sílẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tí yóò ṣe òṣómàáló fún nígbà tí ọkọ̀ ti ń dúró. Àwọn mìíràn wà ní Côte d'Ivoire ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1994, nígbà tí a já owó CFA sí ìdajì: fáráǹsì Faransé kan tí a ń fi 50 rà di 100 mọ́jú. Ẹni tí ó ra ọjà òkè òkun láwìn sùn pẹ̀lú gbèsè kan, ó jí pẹ̀lú méjì. Ní Bouaké fúnra rẹ̀, ogun bẹ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, ilé owó ti ilẹ̀kùn, ọ̀nà gúúsù dí mọ́ àwọn tí ó jẹ àwọn aláràtúntà Abidjan lówó. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún tí ó tẹ̀ lé e, àwọn olè kó owó ní ẹ̀ka ilé owó àpapọ̀ BCEAO tí ó wà ní ìlú náà. Ìwé wo ni ó lè kọ́ ọmọ jù èyí lọ? Síbẹ̀, bí bàbá bá ń sọ ìtàn wọ̀nyí, ogun àti ọ̀nà ni ó ń sọ. Bí ó ti ṣe san gbèsè rẹ̀ tán, tàbí bí kò ti san án, a máa fò ó.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò wí. Wọn yóò ní bí ọmọ bá mọ gbèsè bàbá rẹ̀, yóò tú u fún aládùúgbò, tàbí kí ó má bọ̀wọ̀ fún un mọ́. Àwa gbà pé ẹnu ọmọdé kì í dúró. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a fi fóònù ìyá rẹ̀ lé lọ́wọ́ ti mọ àṣírí ilé ná. Ohun tí kò mọ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ní ti ọ̀wọ̀, ẹni tí ó rí i pé bàbá òun jẹ 400,000, tí ó sì rí i bí ó ti ń dín in kù lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ láìmú nínú owó ilé ìwé òun, báwo ni yóò ṣe gàn án?

Ojúṣe ìjọba wà níbẹ̀, a kò sì ní dákẹ́ lórí rẹ̀. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ darí bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ọmọ tálákà sì di ẹni tí ó mọ̀wé. Ilé ìwé tí ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò lónìí, yálà ní Òṣogbo tàbí ní Bouaké, lè lo ìwé ẹ̀yáwó gidi dípò igbá ọsàn tí a ń pín fún ènìyàn mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú wa tí ń ṣe ìpàdé ní Bouaké kò ní láti dúró de ìjọba kankan. Ẹ dá èsúsú sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́tàlá sí mẹ́tàdínlógún, 200 tàbí 500 fáráǹsì lọ́sẹ̀, kí wọ́n yan olórí láàárín ara wọn, kí àgbà kan jẹ́ ẹlẹ́rìí nìkan. Ẹni tí kò bá rí tirẹ̀ dá, kí ó dìde kí ó sọ ìdí rẹ̀ lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kí bàbá rẹ̀ má ṣe bá a san án. Ní ilé, kí a mú ìwé gbèsè kúrò lábẹ́ ìrọ̀rí ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀, kí ọmọ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tí a san àti ohun tí ó kù. Ìsinmi gígùn ń bọ̀, ilé ìwé yóò ti ilẹ̀kùn, àwọn ọmọ yóò sì wà ní ìsọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Àkókò tó láti bẹ̀rẹ̀.