Màmá Tó Jókòó Sójú Fèrèsé

Ìyá mi ò tíì lo ọjọ́ mẹ́ta ní Bowie, ní Maryland, tó fi bi mí pé, "Ṣé kò séèyàn nílùú yín yìí ni?" Láti àárọ̀ ló ti gbé àga sójú fèrèsé. Mọ́tò kọjá. Ọkùnrin kan fa ajá rẹ̀ kọjá. Onílẹ́tà ju lẹ́tà sínú àpótí, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ. Kò sẹ́ni tó kí ẹnì kankan. Ní Ìbàdàn, kó tó fọ ẹnu tán, èèyàn márùn-ún á ti bi í bó ṣe jí. Oṣù kẹwàá ọdún 2019 nìyẹn. Ó wá bá wa tọ́jú ọmọ tuntun.

Lọ́jọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020, Gómìnà Larry Hogan pàṣẹ pé kí gbogbo ará Maryland fìdí mọ́lé nítorí àrùn kòrónà. Nígbà náà, káúntì tiwa, Prince George's, ni àrùn náà ti mú èèyàn jù ní gbogbo ìpínlẹ̀ yìí. Nígbà tí gómìnà tú àṣẹ náà ká láàárín oṣù karùn-ún, àwa ṣì wà nílé títí oṣù kẹfà fi wọlé. Ojoojúmọ́ ni mò ń ráhùn. Ìyá mi wò mí títí, ó ní, "Ohun tí mo ti ń ṣe láti ìgbà tí mo ti dé nìyí. Ìwọ ni ò mọ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Oṣù kẹrin ló yẹ kó padà sílé, ṣùgbọ́n Nàìjíríà ti ti pápákọ̀ òfurufú pa.

Lásìkò yẹn, kò síwèé ìròyìn tí kì í to orúkọ ìwé àti fíìmù tó dá lórí àdánìkanwà fún wa. Robinson Crusoe, tí Daniel Defoe kọ lọ́dún 1719, ni wọ́n sábà máa ń fi ṣíwájú: ọkùnrin kan tó lo ọdún 28 ní erékùṣù. Mo tún un kà. Ohun tí mo ti gbàgbé láti ilé ìwé ni pé etí òkun tiwa nílé, Gíní, ni ọkọ̀ rẹ̀ ń lọ láti ra ẹrú nígbà tí ìjì dà á nù. Nígbà tó sì wá rí ẹnìkejì lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, kò bi í lórúkọ. Ó sọ ọ́ lórúkọ fúnra rẹ̀, ó sì kọ́ ọ pé kó máa pe òun ní ọ̀gá. Ìwé náà dùn-ún kà, n kò lè purọ́. Ṣùgbọ́n n kò lè fi tu ìyá mi nínú. Fíìmù Cast Away tí wọ́n ṣe lọ́dún 2000 ló wọ̀ ọ́ lára, níbi tí Tom Hanks ti ń bá bọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀ ní erékùṣù. Èmi rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kí ni kó ti ṣe? Ṣé kẹ́nu ó máa di mọ́ra wọn ni?"

Ibẹ̀ lojú mi ti là. Mo wá ìwé Fágúnwà tó ti gbó nínú àpótí mi jáde, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1938. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìyá mi ti kà á kẹ́yìn. Ó fi àwòjú sójú, ó bẹ̀rẹ̀ sí kà á sókè, ohùn rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ohùn tí mo ti ń gbọ́ láti ìgbà tó ti dé. Ọmọ mi àgbà, ọmọ ọdún mẹ́jọ tí kì í fẹ́ sọ Yorùbá, sún mọ́ ọn, ó ń bi í pé kí ni eléyìí, kí ni ìyẹn. Kò pẹ́ tí Màmá fi ń pe àbúrò rẹ̀ lórí WhatsApp láago mẹ́ta ọ̀sán, ìyẹn aago mẹ́jọ alẹ́ ní Ìbàdàn, tó ń ka ojú ìwé méjì méjì sí i létí. Àbúrò náà kó àwọn aládùúgbò jọ sídìí fóònù. Ibi tí wọ́n fẹ́ràn jù ni ibi táwọn ọdẹ ti dé Òkè Láńgbòdó, tí ọba ibẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n tètè padà, tó ní kí wọ́n lọ lo ọjọ́ méje lọ́dọ̀ Ìrágbèje, onílé olójúlé méje. Àwọn akọni tó bá ẹbọra jà wá jókòó sílé ẹni ẹlẹ́ni, wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà. Ọ̀kan lára àwọn tó wà nídìí fóònù ní kí Màmá tún ibẹ̀ kà.

Èmi nìkan ni mo ka ìwé Harriet Jacobs, tó jáde lọ́dún 1861. Ẹrú ni obìnrin yìí ní Edenton, North Carolina. Nígbà tó sá mọ́ olówó rẹ̀ lọ́wọ́, inú àjà ilé ìyá ìyá rẹ̀ ló sá pamọ́ sí fún bí ọdún méje. Àjà náà kò gùn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án, ó fẹ̀ tó méje, ibi tó ga jù níbẹ̀ kò sì ju mẹ́ta lọ. Kò lè nàró. Ó dá ihò sára pákó, ibẹ̀ ló ti ń wo àwọn ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣeré nísàlẹ̀, tí wọn ò mọ̀ pé ìyá àwọn ń bẹ lókè. Mo sọ ìtàn náà fún ìyá mi. N kò tíì parí rẹ̀ tó fi bi mí pé, "Ta ló ń gbé oúnjẹ fún un?" Mo ní ìyá àgbà ni. Ó mi orí, kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi jẹun alẹ́.

Wọlé Ṣóyínká pàápàá wá èèyàn tí yóò bá sọ̀rọ̀ nínú àhámọ́. Ìjọba ológun tì í mọ́lé láti ọdún 1967 di 1969, òun nìkan sì ni wọ́n fi sínú yàrá fún èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó po tàdáwà fúnra rẹ̀, ó kọ̀wé sáàárín ìlà ìwé tó rí gbà àti sórí bébà ilé ìyàgbẹ́. Ara rẹ̀ ló di The Man Died lọ́dún 1972. Ọdún 1968, tó ṣì wà lẹ́wọ̀n, ni Ògbójú Ọdẹ tó túmọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì jáde. Mo fẹ́ràn kí n máa rántí ìyẹn.

Lálẹ́ ọjọ́ kan a wo 93 Days, fíìmù tí Steve Gukas ṣe lọ́dún 2016 lórí Ebola tó wọ Èkó lóṣù keje ọdún 2014. Bimbo Akintola ló ṣe Dókítà Ameyo Adadevoh, ẹni tó kọ̀ kí aláìsàn tó gbé àrùn náà wọ Èkó jáde ní ilé ìwòsàn, tí àrùn ọ̀hún sì pa á lọ́jọ́ 19 oṣù kẹjọ. Ìyá mi rántí ọdún yẹn dáadáa. Òun náà wà lára àwọn tó fi omi iyọ̀ wẹ̀ nígbà tí àhesọ gba ìlú pé ó ń dènà àrùn náà. Dókítà Ada Igonoh ló mú omijé bọ́ lójú rẹ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin tó wà ní yàrá ìyàsọ́tọ̀ ní Yábàá, tó ń fipá mu omi oníyọ̀ àti ṣúgà, táwọn tó ń kú sì wà nítòsí rẹ̀. Ó yè é.

Ẹ kíyè sí i pé ilé tó kún náà lè jẹ́ àhámọ́. For Maria Ebun Pataki, fíìmù Damilola Orimogunje tó jáde lọ́dún 2020, fi ìyá ọlọ́mọ tuntun kan hàn wá, tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì láàárín ẹbí. Kí àwọn ọkọ wò ó.

Wàyí o, Lanham, Largo, Upper Marlboro, Hyattsville: ilé Yorùbá wo ni Màmá kan kò sí nínú rẹ̀? A mú wọn wá, a ní kí wọ́n bá wa tọ́mọ. Ọkọ tàbí ìyàwó jáde ní aago mẹ́fà àárọ̀, ẹnìkejì bọ́ sí iṣẹ́ alẹ́. Màmá ò mọ mọ́tò wà, kò sí ibi téèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé, ọjọ́ Ìsinmi ní ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló ń rí ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀. A sì ń tan tẹlifíṣàn sílẹ̀ fún un, a ní ó ń gbádùn. Kò tọ́, ẹ̀bẹ̀ ni mo sì ń bẹ̀ yín. Ẹ mú Màmá dé ilé ìkàwé káúntì tó sún mọ́ yín, ẹ gba káàdì fún un lórúkọ ara rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ béèrè ìwé Yorùbá, tí wọn ò bá ní in, ẹ ní kí wọ́n wá a. Tẹ́nì kan bá ń bọ̀ láti ilé, ẹ ní kó rọra yọ gààrí díẹ̀ kúrò nínú ẹrù, kó fi Fágúnwà tàbí Akínwùmí Ìṣọ̀lá dípò. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó kí Màmá kà á sí yín létí. Ìjókòó yẹn gan-an ni mò ń sọ.

Ìyá mi padà sí Ìbàdàn ní ìparí ọdún 2020, ó sì gbé Ògbójú Ọdẹ mi lọ. Ọmọ mi ní kí n ra tòun. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa ń pe ara wọn, kálukú pẹ̀lú ìwé tirẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì ti bọ́ sínú ìwé Fágúnwà mìíràn, Igbó Olódùmarè, báyìí. Ojú Màmá ti ń ṣú, nítorí náà ọmọ ló ń kà á. Tó bá ṣi àmì ohùn pè, wọ́n á dúró, Màmá á pè é tẹ̀ lé e, wọ́n á tún máa bá a lọ.