Ta Ni Ó Ni Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ Òkèèrè?

Kò sí ẹni tí ń gbé Adó-Èkìtì tí kò mọ Fájuyì. Ọlọ́kadà ń pè é, èrò ń sọ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá sì bi ọmọ ilé-ìwé pé ta ni ó ni orúkọ náà, kíá ni yóò dáhùn pé ọ̀gágun tí ó bá Ironsi àlejò rẹ̀ kú ní oṣù Keje ọdún 1966 ni. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ bi í pé kí ni Adékúnlé Fájuyì lọ ṣe ní Kóńgò, ẹ ó rí i pé ẹnu yóò wọhò.

Ọdún tí a gba òmìnira gan-an, 1960, ni ìjọba wa kó ọmọ-ogun lọ sí Kóńgò lábẹ́ àsíá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Fájuyì wà nínú àwọn tí ó jà níbẹ̀. Akin tí ó ṣe ni wọ́n fi dá a lọ́lá pẹ̀lú àmì-ẹ̀yẹ Military Cross. Ọmọ Adó ni ó dojú kọ ìbọn ní ilẹ̀ Katanga. Mo ń béèrè: èdè wo ni a fi ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún àwọn ará ilé rẹ̀?

Mo béèrè nítorí pé àwọn kan wà láàrin wa, tí ìwé ti pọ̀ lórí wọn, tí wọ́n ń sọ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè kò ṣeé fi Yorùbá sọ, àti pé bí ó tilẹ̀ ṣeé sọ, kò kan mẹ̀kúnnù. Irọ́ méjì ni wọ́n dì sínú ẹrù kan ṣoṣo.

Nígbà ogun Kírìjì, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú dí ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn kí ohun ìjà má baà ti etíkun dé ọ̀dọ̀ wọn. Kí ni ECOWAS ṣe sí Niger ní 2023 bí kò ṣe pé wọ́n dí ọ̀nà mọ́ ọn? Ikọ̀ lọ, ikọ̀ bọ̀. Samuel Johnson àti Charles Phillips ṣe alárinà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886, Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Àwọn baba wa ti jiyàn lórí gbogbo èyí láìdúró de Gẹ̀ẹ́sì. Bí ọ̀rọ̀ kan bá sì wọ́n wa, kí a yá a. Òyìnbó tí ń pe ìfipágbàjọba ní coup d'état, ṣé èdè ìyá rẹ̀ ni ó ń sọ?

Ní ti mẹ̀kúnnù ńkọ́? Àwọn ológun gba ìjọba ní Niamey ní July 26, 2023. Láàrin ọjọ́ mélòó kan, ECOWAS ti ń dún mọ̀huru-mọ̀huru ogun, Ààrẹ wa ti kọ̀wé sí Ilé Aṣòfin Àgbà. Àwọn aṣòfin kò fọwọ́ sí ogun, mo sì kí wọn. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i ńkọ́? Ọmọ ta ni ìbá lọ? Ogun kò jà, síbẹ̀ ibodè wà ní títì láti oṣù Kẹjọ ọdún náà títí di oṣù Kẹta ọdún 2024. Bẹ́ẹ̀ ni àlùbọ́sà, ẹ̀wà àti màlúù ń ti Niger wọ ọjà wa. Kí ẹni tí ó ní kò kan mẹ̀kúnnù lọ bi àwọn alálùbọ́sà.

Nínú àpérò kan tí mo jókòó sí, ẹnìkan dìde, ó fi Yorùbá béèrè ta ni yóò san gbèsè àwọn tí ẹrù wọn bàjẹ́ sí ibodè. Wọ́n ní kí ó jókòó. Kò sí ọ̀mọ̀wé kan níbẹ̀ tí ó fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè irú rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Wọ́n á ní àṣírí ìjọba ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn kò gbà bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1960, nígbà tí wọ́n lọ sí Èkó láti tako àdéhùn ogun tí ìjọba wa bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Ní January 1962, a fagi lé àdéhùn náà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n bí àwa.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ wa ya ọjọ́ Sátidé kan sọ́tọ̀ ní sáà yìí. Mali, Burkina Faso àti Niger fi ECOWAS sílẹ̀ ní January 2025: báwo ni kí Nàìjíríà máa bá wọn lò? Kí a má jíròrò rẹ̀ nínú ọgbà yunifásítì. Fájuyì ni kí a ti ṣe é, ní Yorùbá, kí a sì pe àwọn alálùbọ́sà Ọjà Ọba wá bá wa jiyàn.